Ìwé Mọ́kànlá Fún Oyún Kan

Lọ́dún 2014 tí mo lóyún tó dúró, kí ikùn mi tó yọ dáadáa, ìwé mọ́kànlá ti wà nínú Ghana-must-go kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa ní Ìbàdàn. Èmi kọ́ ni mo ra gbogbo wọn o. Tíṣà ni mí, àwọn èèyàn sì gbà pé ìwé ni ẹ̀bùn tó yẹ tíṣà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní London fi ńlá kan ránṣẹ́. Ìyàwó pásítọ̀ wa gbé méjì wá. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti bímọ mẹ́ta kó mẹ́rin fún mi, mo sì rí i pé òun náà kò kà wọ́n kọjá ojú ìwé ogún. Mẹ́ta ni mo fowó ara mi rà ní Dùgbẹ̀, lọ́wọ́ àwọn tó ń pàtẹ ìwé àlòkù sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìkọkànlá, ìwé pẹlẹbẹ kan ni, màá dé orí rẹ̀.

Ọkọ mi wo àpò náà lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Ṣé ọmọ la fẹ́ bí ni, àbí WAEC la fẹ́ ṣe?"

Mo bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rù ló kó mi dé ìdí ìwé. Oyún kan ti bà jẹ́ lára mi lọ́dún tó ṣáájú, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ohun tó fà á fún mi. Mo wá gbà pé bí mo bá ti kàwé tó, kò ní sí ohun tó máa ká mi mọ́ lójijì mọ́. Bí àwọn ìyá wa ṣe ń fi píìnì há aṣọ kí wọ́n tó jáde lọ́sàn-án gangan, bẹ́ẹ̀ ni mò ń ti ìwé bọ báàgì. Ońdè ni mo fi wọ́n ṣe.

Ìwé London ni mo kọ́kọ́ gbé. Ó ki bíi búlọ́ọ̀kù, bébà rẹ̀ ń dán, àwòrán kún inú rẹ̀. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ó wúlò. Òun ló kọ́ mi pé ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń ka oyún lọ́sibítù, ogójì ọ̀sẹ̀, ìyẹn ọjọ́ 280, àti pé ọjọ́ tí nǹkan oṣù tó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á bọ̀. Fi ọjọ́ méje kún ọjọ́ yẹn, kí o yọ oṣù mẹ́ta kúrò, o ti rí ìgbà tí wọ́n ń retí ọmọ. Tèmi bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kejì, ó sì bọ́ sí ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá. Ìyá ọkọ mi ka tiwọn lórí ìka, wọ́n ní ọjọ́ 3 ni. Títí mo fi bímọ ni wọ́n ń sọ pé ìwé ló fi ọ̀sẹ̀ kan kún un fún mi.

Ojú ìwé kan wà níbẹ̀ tó to orúkọ àwọn wàràkàṣì tí aboyún kò gbọdọ̀ jẹ: Brie, Camembert, àtàwọn míì tí mi ò fojú rí rí. Mo ṣí i kọjá. Kí ló kàn mí níbẹ̀? Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kàn mí gan-an, orúkọ ni kò jọra. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní listeria ni wọ́n ń sá fún. Ó máa ń wà nínú mílíìkì tí iná kò kàn àti nínú irú àwọn wàràkàṣì rírọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì lè ba oyún jẹ́. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan ló tú u sí èdè tiwa. Wàrà tí àwọn Fúlàní fi oje ewé bomubomu dì, orí iná ni wọ́n ti se mílíìkì rẹ̀. Bí a bá tún dín in kó gbóná dénú, ó tán. Nọ́nò inú fùrá ni ká bi ara wa léèrè, torí màálù ni wọ́n ti fún un sínú igbá, iná kò sì fojú kàn án. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ oṣù yẹn ni mo ti ń mu fùrá tútù lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé wa.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ náà dà mí lọ́kàn rú. Ìwé ní kí aboyún má fẹnu kàn án, torí fítámì A inú rẹ̀ pọ̀ jù fún ọmọ inú. Ní kílíníìkì, wọ́n ní ká máa jẹ ẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wa lè tó. Mo gbé ìwé náà lọ bá dókítà, ọwọ́ mi ń gbọ̀n díẹ̀, torí mo rò pé yóò ní mo fẹ́ dán òun wò. Kò bínú rárá. Ó kà á, ó ní òótọ́ ni ọ̀rọ̀ fítámì yẹn, òótọ́ sì ni pé ẹ̀jẹ̀ àwọn aboyún wa kì í tó, kí n gbájú mọ́ ẹ̀wà, ẹja, ẹ̀fọ́ àti oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún mi, kí n sì fi ẹ̀dọ̀ sílẹ̀. (Ìyá mi ní tiwọn, ìgbín ni wọn ò fẹ́ kí n jẹ, kí ọmọ má baà máa da itọ́. Kò sí ìwé tó bá wọn sọ ọ́. Mo ń jẹ ẹ́ níta. Ọmọ náà da itọ́, bíi gbogbo ọmọ.)

Ibi tí ìwé London ti já mi kulẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ibà. Òjò oṣù keje ni, ara mi gbóná lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, oríkèé ń ro mí. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo ṣí ìwé. Ó sọ̀rọ̀ nípa ọ̀fìnkìn, ó ní kí n mu omi dáadáa, kí n sinmi, kí n fóònù agbẹ̀bí mi. Agbẹ̀bí wo? Ní kílíníìkì wa, nọ́ọ̀sì mẹ́ta ló ń dá àwa bí ọgọ́ta lóhùn láàárọ̀ ọjọ́rú. Mo ṣí ẹ̀yìn ìwé, níbi tí wọ́n to àwọn ọ̀rọ̀ sí, mo wá ibà ẹ̀fọn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló jáde, lábẹ́ ìrìn àjò: wọ́n ní kí aboyún má lọ sí orílẹ̀-èdè tí ibà ẹ̀fọn wà, àfi tó bá pọn dandan.

Èmi tí mo ti wà ní orílẹ̀-èdè ọ̀hún ńkọ́?

Mo sinmi, mo mu omi, mo ṣe bí ìwé ti wí, títí di ọjọ́rú. Nígbà tí mo máa fi dé kílíníìkì, ọkọ mi ló di apá mi mú wọlé. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà yẹn kan náà gún ìka mi, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ibà ló kún inú rẹ̀. Mo ń ṣàlàyé ohun tí mo kà. Ó wò mí.

"Ìyàwó, ìwé wo lò ń kà tí kò mọ ẹ̀fọn?"

Ẹ̀bi mi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n ti dá ọjọ́ fún mi lóṣù tó ṣáájú, mi ò lọ, torí mo ti ka orí ìwé tó bọ́ sí oṣù yẹn, mo rò pé mo mọ gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Ọjọ́ tí mi ò lọ yẹn gan-an ni ǹ bá ti gbé Fansidar àkọ́kọ́ mì. Láti oṣù kẹrin ni wọ́n ti ń fún aboyún nílùú tí ibà bá wà, ó ń tó oṣù kan sí ara wọn, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó bímọ, iwájú nọ́ọ̀sì lo sì ti máa gbé e mì. Ìdí rẹ̀ ni pé kòkòrò ibà máa ń sá pamọ́ sínú ibi ọmọ, ara ìyá lè má gbóná rárá, kí ọmọ sì máa rù nínú. Wọ́n tún bi mí irú fólíìkì tí mò ń lò. Oní-mílígíráàmù márùn-ún ni mo ń rà ní kẹ́mísì. Wọ́n ní kí n fi sílẹ̀, irú èyí tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ máa ń sọ agbára Fansidar di yẹpẹrẹ, 0.4 ni kí n máa lò. Gbogbo èyí, kò sí nínú ìwé mẹ́wàá.

Ká má fi àkókò ṣòfò lórí mẹ́rin tí ọ̀rẹ́ mi kó wá. Méjì nínú wọn dá lórí bí ikùn yóò ṣe padà pẹlẹbẹ lẹ́yìn ìbímọ, ọ̀kan jẹ́ orúkọ ọmọ tí kò ní orúkọ Yorùbá kan nínú, ìkẹrin sì kún fún àìsàn láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Mo ka ìkẹrin yẹn ní aago méjì òru lẹ́ẹ̀kan, kí ilẹ̀ tó mọ́ mo ti ní márùn-ún nínú àwọn àìsàn rẹ̀. Ọkọ mi gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní òun ni yóò máa kà á, kí òun sọ èyí tó bá kàn mí. Mo rò pé eré ló ń ṣe, àfi bó ṣe ka ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lẹ́yìn ìbímọ. Lọ́la rẹ̀ ló lọ bá onítakisí kan ládùúgbò wa pé kó jẹ́ kí òun máa pè é nígbàkúùgbà, ó bi àbúrò rẹ̀ méjì léèrè irú ẹ̀jẹ̀ wọn, ó sì dá owó kan sọ́tọ̀ tí a kò fọwọ́ kàn. Nínú gbogbo ohun tí ìwé ṣe nílé wa lọ́dún yẹn, mi ò mọ èyí tó ju ìyẹn lọ, èmi kọ́ sì ni mo kàwé ọ̀hún.

Nínú àwọn ti Dùgbẹ̀, ọ̀kan fẹ́ràn mi bí ọmọ ìyá. Ìwé ìtọ́jú ọmọ ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, ẹnì kan ti fi yíǹkì aláwọ̀ ewé kọ orúkọ ọmọ mẹ́rin sínú rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ ìbí wọn. Èdè rẹ̀ rọlẹ̀ bí ẹni pé ìyá àgbà ló ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ó ní kí n máa da ojú ọmọ bolẹ̀ bó bá ń sùn, kí èébì má baà pa á. Mo gbà á gbọ́ pátápátá. Mo ti ń sọ ọ́ fún àwọn aboyún míì ní kílíníìkì kí ẹnì kan tó sọ fún mi pé wọ́n ti yí ìyẹn padà tipẹ́. Mo wá ṣí ẹ̀yìn ojú ìwé àkọ́kọ́, níbi tí wọ́n máa ń kọ ọdún sí: 1961. Ìwé náà ju ìyá mi lọ ní ọdún kan.

Lẹ́yìn náà ni mo kà pé kì í ṣe ìwé èmi nìkan. Dókítà Benjamin Spock ará Amẹ́ríkà, tí ìwé rẹ̀ lórí ìtọ́jú ọmọ jáde lọ́dún 1946 tí gbogbo ayé sì rà, òun náà ti kọ ọ́ sínú àwọn ẹ̀dà ìparí àwọn ọdún 1950 pé ó sàn kí ọmọ máa dojú bolẹ̀ sùn. Ẹni ire ni, kò kọ ọ́ láti pa ọmọ kankan lára. Àmọ́ nígbà tí àwọn onímọ̀ ka iye ọmọ tó ń kú lójú oorun, wọ́n rí i pé fífi ẹ̀yìn sùn ló dín in kù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1991, Amẹ́ríkà lọ́dún 1994. Ìwé tó ti wà ní ṣẹ́ẹ̀fù ilé onílé kò gbọ́ ariwo yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ọmú nìkan: àwọn ìwé tó ti pẹ́ máa ń sọ oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà, ọdún 2001 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kó pé oṣù mẹ́fà gbáko. Láti ìgbà yẹn, bí wọ́n bá fún mi ní ìwé ìlera, ẹ̀yìn ojú ìwé àkọ́kọ́ ni mo ń kọ́kọ́ ṣí, bí ẹni tó ń wo ọjọ́ tí oògùn máa bà jẹ́.

Ọ̀kan nínú méjì tí ìyàwó pásítọ̀ gbé wá ni mo ṣì ń bá jà lọ́kàn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. Èkejì rẹ̀, àdúrà àti Sáàmù ló wà nínú rẹ̀, mo fi sùn lálẹ́ ọjọ́ púpọ̀, mo sì tún fi sùn lóyún kejì. Èyí tí mò ń sọ kò dúró lórí àdúrà. Ó ní obìnrin tó bá gbàgbọ́ kò gbọdọ̀ rọbí pẹ́, ọ̀bẹ kò gbọdọ̀ kan ara rẹ̀, pé bí àwọn obìnrin Hébérù ni yóò ṣe bí, kí agbẹ̀bí tó dé. Bí èyíkéyìí nínú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó. Mo há a sórí. Mo ń kà á sókè nínú ilé ìwẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ni omi dà. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rìnlá, ọmọ kò sọ̀kalẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ lé ikùn mi, mo ń gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń sáré, tó tún ń rẹlẹ̀, tó tún ń pẹ́ kó tó padà sókè. Dókítà mú fọ́ọ̀mù wá, ó ní iṣẹ́ abẹ ni, ní báyìí. Mo ní kí wọ́n fún mi ní wákàtí méjì.

Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wákàtí méjì. Dókítà wo ọkọ mi, ọkọ mi wo ilẹ̀.

Ìyá mi, tó jẹ́ pé ìwé pẹlẹbẹ nìkan ni wọ́n kà nínú mọ́kànlá, dìde lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n ti ibi orí bẹ́ẹ̀dì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹnu wọn ń kan etí mi. "Àdúrà tí a gbà náà ló gbé dókítà dúró síbí. Ọmọ mi, tọwọ́ bọ̀wé."

Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́. A gbọ́ ohùn ìyá, a gbọ́ ohùn ọmọ. Okùn ibi ọmọ ti wé mọ́ ọn lọ́rùn lẹ́ẹ̀mejì.

Àmọ́ ìwé yẹn kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà ìkómọ, bí àwọn èèyàn bá bi mí pé, "Ṣé wẹ́rẹ́ lẹ bí i?" mo máa ń ní, "A dúpẹ́ o," màá sì yí ọ̀rọ̀ padà. Fún bí ọdún kan ni mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì pé iṣẹ́ abẹ ni, ojú ń tì mí bí ẹni tó féèlì ìdánwò. Ọjọ́ kan ni mo tó fara balẹ̀ ka ẹsẹ Bíbélì ọ̀hún fúnra mi, Ẹ́kísódù orí 1, ẹsẹ 19. Àwọn agbẹ̀bí ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, Fáráò ni wọ́n sì ń dá lóhùn, ẹni tó ní kí wọ́n máa pa ọmọkùnrin tí wọ́n bá gbẹ̀bí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi gba ẹ̀mí ọmọ là nìyẹn. Ẹsẹ tó tẹ̀ lé e sọ pé Ọlọ́run ṣe àwọn agbẹ̀bí lóore. Mo jókòó ti Bíbélì náà fún ìgbà pípẹ́, ọmọ ń fà mí láṣọ.

Mo ní màá dé orí ìkọkànlá. Ìwé pẹlẹbẹ ni, ojú ìwé mẹ́rìndínlógún, èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, pín-ìn-nì méjì ni wọ́n fi dè é, ọ̀kan ti dípẹtà. Wọ́n fún mi nígbà tí mo lọ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kékeré kan. Nítorí pé kò tówó, tí kò sì ní àwòrán aláràbarà, ìsàlẹ̀ àpò ni mo jù ú sí. Ìyá mi ló yọ ọ́ jáde lóṣù kẹjọ, torí òun nìkan ni wọ́n lè kà nínú gbogbo wọn. Wọ́n ń kà á sókè bí wọ́n ṣe ń ka ìwé ìròyìn, lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìka wọn lórí ìlà. Wọ́n dé ibì kan, wọ́n dákẹ́.

"Kàfúrà," wọ́n ní. "Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ kó kàfúrà sáàárín aṣọ ọmọ."

Àpò aṣọ tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kó fún wa, tó ti wà nínú àpótí wọn láti ọdún márùn-ún, ti wà lórí àga. Kò sẹ́ni tó wọ yàrá náà tí òórùn kàfúrà kò ní kí káàbọ̀. Gbogbo wa fẹ́ràn òórùn yẹn, òórùn aṣọ tí wọ́n tọ́jú dáadáa ni. Ìwé pẹlẹbẹ náà ṣàlàyé rẹ̀ ní ìlà mẹ́ta: àwọn ọmọ kan wà tí ohun tí wọ́n ń pè ní G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n sì pọ̀ láàárín wa, bí wọ́n bá fa òórùn kàfúrà funfun yẹn símú tàbí tó kan ara wọn, ẹ̀jẹ̀ wọn á máa bà jẹ́, ojú wọn á pọ́n bí ìyeyè, bó bá sì le, ó lè dé ọpọlọ. Ó tún sọ ibi tí a ó ti máa wò ó. Ìwé London ní kí n wò bóyá awọ ara ọmọ ti ń pọ́n. Awọ ara ọmọ tani? Ìwé pẹlẹbẹ ní kí n gbé ọmọ sí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́, kí n wo ẹyin ojú rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀.

A kó àwọn aṣọ náà padà sínú àpò, a so ó, a gbé e sí gáréèjì. A kò sọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Wọ́n béèrè nígbà ìkómọ, ìyá mi ní ọmọ ti tóbi ju àwọn aṣọ ọ̀hún lọ. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ!

Lóyún kejì, ọdún 2018, ìwé mẹ́ta ni mo fún láyè. Ìwé pẹlẹbẹ ni àkọ́kọ́. Èkejì ni Where Women Have No Doctor, tí àwọn Hesperian, àjọ kan tó ń tẹ ìwé ìlera, tí wọ́n wà ní Berkeley ní California nígbà náà, tẹ̀ jáde lọ́dún 1997. Ẹ̀yìn tábìlì agbẹ̀bí kan ni mo ti kọ́kọ́ rí i, ó ti gbó bíi Bíbélì àwọn àgbà. Àwọn obìnrin oríṣiríṣi ilẹ̀ ló wà nínú àwòrán rẹ̀, ìkòkò wà lórí iná igi, ẹ̀fọn sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n gbà kéèyàn kà á lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí náà orí fóònù ni mo ti kà á. Ìkẹta, ìtàn àròsọ Yorùbá ni, kò sí oyún kankan nínú rẹ̀. Àgbẹ̀ kan àti àwọn àlè rẹ̀ ni. Ẹ̀rín ni mo fi ń sùn.

Bí mo ṣe yàn wọ́n kò ṣòro. Mo dúró nílé ìtàwé, mo mú ìwé lọ́wọ́, mo wá ibi mẹ́ta nínú rẹ̀: ibà ẹ̀fọn, ẹ̀jẹ̀ yíya, iṣẹ́ abẹ. Bí kò bá mọ ibà, ará ibòmíì ni. Bó bá sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yíya tí kò sì sọ pé kí n dìde lọ sọ́sibítù lójú ẹsẹ̀, kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn níbí. Bó bá sì pe iṣẹ́ abẹ ní ìjákulẹ̀, mo ń dá a padà sórí ṣẹ́ẹ̀fù, mi ò ní bi í lórúkọ. Ẹni tó ń ta ìwé ní kí n má ṣe tú ọjà òun mọ́.

Mi ò sì fi ìwé rọ́pò kílíníìkì mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni àwọn àjọ àgbáyé ń sọ tẹ́lẹ̀ pé ó kéré tán kí aboyún rí nọ́ọ̀sì. Lọ́dún 2016, wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Mo lọ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Èyí tó lé, torí orin àti àtẹ́wọ́ àárọ̀ ni. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti sọ fún mi pé láti ọ̀sẹ̀ 28, ẹ̀gbẹ́ ni kí n máa fi sùn, kì í ṣe ẹ̀yìn. Mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé pẹlẹbẹ pẹ̀lú pẹ́ńsù. Nígbà tí oyún kejì fi máa parí, ẹ̀gbẹ́ ìwé yẹn ti kún: Fansidar kẹta, nọ́nò, 0.4. Ní ojú ìwé kẹsàn-án, níbi tí wọ́n ti to orí fífọ́, ojú ṣíṣú àti ojú wíwú, mo fi báírò pupa fàlà sábẹ́ rẹ̀, mo kọ ọ́ pé: Má dúró de ọjọ́ kílíníìkì.

Àbúrò mi obìnrin lóyún lọ́dún 2022, ó ní kí n kó gbogbo ìwé fún òun. Mo fún un ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó wo ìwé pẹlẹbẹ, ó wò mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, èyí?"

Oyún rẹ̀ wà ní oṣù kẹjọ nígbà tó pè mí, aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú pé mo jí yín. Orí ti ń fọ́ mi láti àárọ̀, mo lo Panadol, kò lọ. Mo wá ń rí nǹkan wínníwínní lójú. Mo fẹ́ bi yín ni bóyá kí n dúró di Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n dá fún mi."

Mo ní kó gbé ìwé pẹlẹbẹ, kó ṣí ojú ìwé kẹsàn-án, kó ka ohun tí mo fi pupa kọ síbẹ̀ fún mi. Mo gbọ́ tó ń ṣí ìwé. Ó kà á. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tó ń pe ọkọ rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti dé 170 lókè, 110 nísàlẹ̀. Wọ́n gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì lójú ẹsẹ̀, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ kí gìrì má baà gbé e, ìgbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì fi máa ṣú, wọ́n ti gbé ọmọbìnrin kan jáde, ó kéré, àmọ́ ó ń ké bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Ìwé náà wà lórí ìrọ̀rí títí. Nọ́ọ̀sì tó wá pààrọ̀ omi ara rẹ̀ mú un, ó ṣí i síwá sẹ́yìn, ó ń ka ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó bi mí ibi tí wọ́n ti ń tà á. Mo ní wọn kì í tà á. Ó yọ fóònù, ó tẹ́ ìwé náà pẹlẹbẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi àtàǹpàkò di pín-ìn-nì tó ti dípẹtà yẹn mú kó má baà já, ó sì ya fọ́tò ojú ìwé kẹsàn-án.